Àwọn Tí Ń Mu Omi Ọtìn

Ní Èkó-Ende ni ìjọba ti sé odò Ọtìn, kí omi ẹ̀rọ lè dé àwọn ìlú àyíká. Mo dúró létí dáàmù náà lọ́jọ́ kan, mo sì bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti kàwé dé yunifásítì pé ta ni Ọtìn. Ó ní òrìṣà àwọn abọ̀rìṣà ni. Kí ni wọ́n wá ń bọ ọ́ sí? Kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìtàn tí a ń gbọ́ ní Ìnísà ni pé obìnrin akọni ni Ọtìn, tí ó ti Ọ̀tan wá gba ìlú náà lọ́wọ́ ogun kí ó tó di odò.

N kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Ilé ìwé wa pín ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sí méjì: ọmọ Kìrìsítẹ́nì ń kọ́ tirẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí ń kọ́ tirẹ̀, olúkúlùkù sì ń jáde láìmọ ti ẹnì kejì. Ti òrìṣà kò sí níbẹ̀ rárá, àfi bí a bá fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ náà dá kún un. Nígbà tí Ajayi Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ Èṣù, òjíṣẹ́ tí í gbé ẹbọ dé ọ̀run, ni wọ́n fún ọ̀tá Ọlọ́run. Ohun tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé inú Bíbélì kan náà ni àlùfáà, wòlíì àti àdúrà wà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí àwọn Ìmàle ti mú wọ èdè wa ṣáájú. Kìrìsítẹ́nì tí ó ń fi gbogbo ẹnu bú Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí ni ó fi ń pe ẹ̀bẹ̀ tí ó ń bẹ Ọlọ́run rẹ̀.

Irú àìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìwó wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì. Aṣọ ni gbogbo ayé ń jà lé lórí. Ta ni ó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ náà ohun tí ìborí jẹ́ lójú ẹni tí ó ń lò ó, tàbí ìdí tí ìjọ tí ó dá ilé ìwé sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà á ṣì fi ń kà á sí ogún?

Àwọn òyìnbó gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Ní 1963, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ka kíka Bíbélì bí ìjọsìn léèwọ̀ ní ilé ìwé ìjọba. Ó ní kò sí ohun tí ó burú nínú kíkọ́ nípa ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwé pa méjèèjì tì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew bi àwọn ará ibẹ̀ ní ìbéèrè 32 ní 2010, 16 péré ni wọ́n gbà ní ìpíndọ́gba, àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ sì wà lára àwọn tí ó gbà jù. Ní ti Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣófo. Tiwa kún àkúnya.

Ní Òkukù, nítòsí ibẹ̀, Karin Barber láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé nǹkan bí ọdún mẹ́ta ní àwọn ọdún 1970 láàárín àwọn obìnrin tí ń kì oríkì. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1991. Nígbà tí mo padà sí Èkó-Ende, mo mú un dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí i, ó rí orúkọ ìlú ìyá rẹ̀, ó ní kí n jọ̀wọ́ yá òun.