Àpótí irinṣẹ́ ọkọ̀

Àpótí irinṣẹ́ ọkọ̀ ni àkójọ irinṣẹ́ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí awakọ̀ máa ń kó dání láti fi tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, tàbí láti fi yọ ọ́ nínú iyanrìn àti ẹrẹ̀, níbi tí kò ti sí mẹkáníìkì tàbí fọkanáísà nítòsí. Ohun méjì ló ń pinnu ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀: irú ọkọ̀ náà, àti bí ibi tí a ti lè rí ìrànwọ́ ṣe jìnnà tó.

Ohun tí òfin béèrè

Ní Nàìjíríà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, máa ń wò bóyá ọkọ̀ ní táyà àfikún, agolo ìpaná àti àmì onígun mẹ́ta tí àwọn awakọ̀ ń pè ní sí-kọ́ṣọ̀n. Táyà àfikún kò sì wúlò láìsí jáàkì àti sípánà táyà. Nǹkan wọ̀nyí lè tó fún ọ̀nà ọlọ́dà bí èyí tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí oníṣẹ́ ọwọ́ wà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn kò tó fún ọ̀nà oko, etíkun tàbí aginjù.

Yíyan sípánà

Kì í ṣe pípọ̀ sípánà ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe kí wọ́n bá nọ́ọ̀tì ọkọ̀ náà mu. Lára ọkọ̀ Toyota, sípánà oní-mìlímítà 10, 12, 14 àti 17 ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Lára ọkọ̀ Jámánì, 13 ló sábà máa ń rọ́pò 12. Nọ́ọ̀tì táyà Toyota sábà máa ń jẹ́ 21, ti Volkswagen sì jẹ́ 17. Nítorí náà, sípánà tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè má wọ̀ ọ́. Ọ̀nà tó dájú ni kí awakọ̀ fi irinṣẹ́ tirẹ̀ tú táyà kan nílé, kó sì dè é padà, kí ìrìnàjò tó bẹ̀rẹ̀. Púláyà, súkúdiráifà, wáyà, fíúùsì, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì àti omi tún yẹ kó wà níbẹ̀.

Iyanrìn àti ẹrẹ̀

Ní agbègbè ọ̀sà àti etíkun Èkó, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ìgbà òjò máa ń mú ọkọ̀ rì. Ṣọ́bìrì ni a fi ń wa ìdí táyà. Pákó tó nípọn ni a ń tẹ́ sábẹ́ jáàkì kó má baà wọlẹ̀. Bí a bá dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí nǹkan bí 18 sí 20 psi, táyà á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìwúwo ọkọ̀ á sì pín ká orí ilẹ̀ tó fẹ̀ sí i. Pọ́ǹpù àti géèjì di dandan nígbà náà, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń gbóná lórí ọ̀dà, ó sì lè bẹ́.

Ewu

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Ojú ìkọ́ tí wọ́n ṣe fún fífa ọkọ̀ nìkan ni a ń so okùn mọ́, kì í ṣe bọ́ńpà. Okùn tó bá já lè pa ènìyàn, nítorí náà àwọn tó ń wòran gbọ́dọ̀ jìnnà sí i.

Àwọn ìrìnàjò tó lókìkí

Ní ọdún 1966, Newton Jibunoh dá wa Volkswagen Beetle láti Lọ́ńdọ̀nù gba aginjù Sàhárà kọjá wá sí Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Pẹ̀lúmi Nubi wọ Èkó láti Lọ́ńdọ̀nù nínú Peugeot 107. Ọkọ̀ kékeré ni méjèèjì.