Àpò Tó Họ Dọ́là Lára Ló Pa Á Láró

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, wọ́n ṣí yàrá ìṣúra kan ní Philadelphia tí ìjọba Amẹ́ríkà ti tì pa láti ọ̀pọ̀ ọdún. Àpò lórí àpò ni wọ́n bá níbẹ̀, dọ́là fàdákà ló sì kún inú wọn. Èyí tí wọ́n rọ ní New Orleans lọ́dún 1903 wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ ti ń bu iye tó ju 1,000 dọ́là lọ lé ẹyọ kan rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye náà já lulẹ̀ gbì. Àwọn oníṣòwò wá rí i pé ọ̀wọ́n lè parẹ́ lọ́sàn-án kan. Ohun tí àpò tuntun kò lè gbà lọ́wọ́ ẹni ni bí ẹyọ tó wà lọ́wọ́ ẹni ṣe rí.

Òfin ló bí àwọn àpò náà. Lọ́dún 1878, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin Bland-Allison, pé kí ìjọba máa ra fàdákà mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 4 dọ́là lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa fi rọ owó. Àwọn tó ń wa fàdákà ní Nevada àti àgbègbè rẹ̀ ló jàǹfààní; ará ìlú kò bẹ ẹnikẹ́ni. George T. Morgan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwòrán dọ́là náà: orí obìnrin lójú kan, ẹyẹ idì lójú kejì. Ìdá 90 nínú 100 jẹ́ fàdákà, bàbà ló kù, ìwọ̀n ẹyọ kan sì ju gíráàmù 26 lọ. Ta ló fẹ́ kó irú ẹ̀ sápò ṣòkòtò? Owó bébà ni wọ́n ń ná, dọ́là gan-an jókòó sí yàrá ìṣúra, 1,000 nínú àpò kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 27. Òfin Pittman ọdún 1918 mú kí wọ́n yọ́ èyí tó ju mílíọ̀nù 270 lọ. Àpò kò tán síbẹ̀.

Inú àpò yẹn ni ohun méjì ti ṣẹlẹ̀ sí dọ́là. Bí wọ́n ṣe ń gbé e, tí wọ́n ń jù ú lé ara wọn, ni etí ẹyọ kan ń họ ojú òmíràn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin orí owó náà fẹ̀, ó sì dán. Ọgbẹ́ kò ríbi sá pamọ́ sí. Èkejì kò pariwo ní tirẹ̀. Imí ọjọ́ wà nínú aṣọ àpò, ó sì ń rọra mú àwọn dọ́là tó fara kan aṣọ náà, títí ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fi bo fàdákà lójú. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lókè ìpele yẹn àti èyí tó ń ta padà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń pàdé, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí nígbà tí epo ọkọ̀ bá dà sórí omi lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Bó ṣe ń nípọn sí i ni àwọ̀ ń yí: wúrà ló kọ́kọ́ dé, ó pọ́n wọ elésè-àlùkò, ó di búlúù, ó tún yípo dé àwọ̀ ewé, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dúdú.

Lára òmíràn, ojú ìhun aṣọ àpò ṣì hàn gbangba lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, ìlà dábùú ìlà. Ibi tí dọ́là mìíràn bò á funfun báláú, ààlà àwọ̀ á sì tẹ̀ bí etí ẹyọ tó bò ó ṣe tẹ̀. Ìdí lẹ́tà àti ìràwọ̀ tó yọ sókè náà sábà máa ń funfun. Nínú 1,000, ìwọ̀nba ni aṣọ kàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ojú kan péré ló láwọ̀.

Ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń ri dọ́là bọ omi kẹ́míkà kó lè funfun, omi náà sì ń bù lára fàdákà àti dídán rẹ̀ lọ nígbàkigbà tí wọ́n bá rì í. Ìjọba gan-an rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èrò pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣúra ní Washington, wọ́n dá fífi owó bébà gba dọ́là fàdákà dúró ní oṣù kẹta ọdún 1964. Ó ku bíi mílíọ̀nù 3, Carson City ni wọ́n ti rọ èyí tó pọ̀ jù. Àjọ ìjọba kan, GSA, tà wọ́n láàárín 1972 sí 1980, nínú ike. Àwọn tó ń ṣà wọ́n kó èyí tó pàwọ̀dà àti èyí tó họ papọ̀, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì ná an kúrò lára ike wọn. Lójú òṣìṣẹ́ ìjọba, àrùn kan náà ni méjèèjì.

Máàkì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. William Sheldon gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1949 lórí sẹ́ǹtì bàbà àtijọ́, ó sì fi 1 sí 70 díwọ̀n bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe dára sí. Iye owó ló ń ṣírò: ẹyọ ti ọdún 1794 tó bá gba 70 yẹ kó tó ìlọ́po 70 èyí tó gba 1. Ìṣirò náà ti kú, nọ́ńbà ló kù. Ilé-iṣẹ́ PCGS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986, NGC tẹ̀lé e ní 1987. Wọ́n ń yẹ owó wò, wọ́n ń fún un ní máàkì, wọ́n ń fi ike dì í pa. Owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná ló ń gba 60 sókè.

Ọgbẹ́ ṣeé kà, àwọ̀ kò ṣeé kà, síbẹ̀ àwọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọnú máàkì, torí pé àwọn olùyẹ̀wò ń wo ẹwà mọ́ ọn. Àwọ̀ tó wọ̀ wọ́n lójú lè sọ 65 di 66. Èyí tó ki sì lè bo ọgbẹ́ kékeré mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń rà ti ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì: ó san owó àwọ̀ nínú máàkì, ẹni tó ń tà tún bu owó àwọ̀ lé e. Ẹ wo dọ́là San Francisco ti 1881. 12,760,000 ni wọ́n rọ, èyí tó funfun tó sì gba 65 kò ṣòro rí. Àmọ́ 63 tí òṣùmàrè gba ojú rẹ̀ lè mú ìlọ́po owó ti 65 yẹn wọlé. Ẹni tó bá ra 63 náà kò ṣìwà hù, ó tiẹ̀ gbọ́n ju ẹni tó ra 66 tí àwọ̀ gbé ga lọ. Wọ́n ti yọ owó ọgbẹ́ rẹ̀ nínú máàkì, àwọ̀ nìkan ló kù tó ń ná.

Bí owó ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà ni ayédèrú dé. Wọ́n ń yan dọ́là nínú ààrò, wọ́n ń fi kẹ́míkà oní-imí-ọjọ́ kùn ún. Àṣírí wọn sábà máa ń tú níbi tí àwọ̀ kò bá tò tẹ̀léra, tí búlúù fò bẹ́ lé fàdákà funfun láìsí wúrà láàárín, tàbí tí àwọ̀ wọ ìdí lẹ́tà ṣinṣin. PCGS kì í fún irú rẹ̀ ní nọ́ńbà; wọ́n á kọ ọ́ pé àwọ̀ rẹ̀ mú ìfura dání. Ìfura náà sì ni lóòótọ́, nítorí ojú èèyàn ni wọ́n fi ń wò ó, ojú kan sì lè gbà lónìí ohun tó kọ̀ lánàá. Àwọn oníṣòwò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fọ́ ike, wọ́n á dá dọ́là náà padà sí ilé-iṣẹ́ tó kọ̀ ọ́, nígbà mìíràn á sì padà wálé pẹ̀lú máàkì.