Láti Orí Tòlótòló Dé Orí Àgbàdo Wa

Ilẹ̀ Ìlàjẹ kì í ṣe ilẹ̀ àgbàdo. Omi àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ẹja la fi ń ṣòwò. Àgbàdo tí a fi ń ṣe ògì, ará òkè ló ń gbé e wá sí ọjà Igbókòdá, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé abúlé wa. Nígbà mìíràn, á ti bu kó tó dé. Ìyá àgbà mi máa ń ṣa èyí tó bu sọ́tọ̀, á dà á fún adìyẹ. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà tó bu ṣe. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí oró tí wọ́n sọ ní aflatoxin. Inú ilẹ̀ oko ni ohun tó ń pèsè rẹ̀ ń gbé, ẹ̀yà olú tín-tìn-tín kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e láti ilẹ̀ dé orí àgbàdo. Oró yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó ń fa jẹjẹrẹ, iná ìdáná kò sì tó láti pa á. Ènìyàn 125 ló kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní Kenya lọ́dún 2004.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà ló ní ẹ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo Aspergillus flavus ló lóró. Peter Cotty, ará Amẹ́ríkà, rí i nínú oko òwú pé bí èyí tí kò lóró bá pọ̀ nínú ilẹ̀, á gba àyè mọ́ olóró lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn bá a ṣiṣẹ́. Wọn kò gbé ti Amẹ́ríkà wọlé; Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ṣa mẹ́rin tí kò lóró, èyí ló sì dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà. Wọ́n fi wọ́n sára ọkà bàbà tí kò lè hù mọ́, wọ́n pè é ní Aflasafe, NAFDAC sì fọwọ́ sí i ní 2014. Kílò 10 ni àgbẹ̀ ń fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Olóró á wá bá àyè tó ti kún. Oró inú ọkà sábà máa ń fi ohun tó lé ní ìdá 80 nínú 100 dín kù.

Mo máa ń bi àwọn oníṣòwò ní Igbókòdá bóyá wọ́n fọ́n nǹkan sí oko tí àgbàdo wọn ti wá. Wọn a rẹ́rìn-ín. Ọkà tó mọ́ lójú náà lè lóró, kò sì sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń ṣa èyí tó bu sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n n kò dà á fún adìyẹ mọ́.