Ta Ló Ń Ki Nọ́ọ̀sì?

Bí a bá dárúkọ Ìkìrun létí àwọn tó mọ ìtàn, ogun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n ṣáájú wọn, kọlu àwọn ará Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá tí wọ́n dó ti ìlú náà. Ọwọ́ Ìbàdàn ròkè. Àwọn ará Ìlọrin tó ń sá lọ já lu odò Ọ̀tìn, omi sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ Ogun Jálumi ti wá. Títí di òní olónìí, ẹ ó rí àgbàlagbà tí yóò ka àwọn jagunjagun ayé ìgbà náà fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa kì wọ́n bí ẹni pé àná ni wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ogun tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má ṣá ẹlòmíràn lọ́gbẹ́. Ta ló yọ ọta ìbọn lára wọn? Ta ló gún ewé, ta ló wẹ egbò, ta ló jókòó ti ẹni tó ń ké lóru? Nínú gbogbo ìtàn Jálumi tí mo ti gbọ́, kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ka oníṣègùn sí o! Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí àwọn babaláwo ti ń ki Ifá yóò ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Kí a tó gbọ́ orúkọ ẹni tí ìṣòro dé bá, tó wá ṣe àyẹ̀wò, orúkọ awo tó dífá fún un la ó kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà mìíràn orúkọ náà a gùn bí okùn agbè, awo méjì tàbí mẹ́ta a sì tò tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwádìí rẹ̀ lórí ẹsẹ Ifá, pín ẹsẹ kan sí ìpín mẹ́jọ. Orúkọ awo ni ìpín kìíní, ó sì wà lára àwọn ìpín tí a kì í fò. Ẹ wò ó dáadáa. Ìtàn aláìsàn ni, síbẹ̀ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣíwájú.

Òkukù kò jìnnà sí Ìkìrun, ojú irin kan náà ló gba ìlú méjèèjì kọjá lọ sí òkè Ọya. Ibẹ̀ ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní àárín àwọn ọdún 1970, tó ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin ìlú kiri láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn. Lọ́dún 1991 ló gbé ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀. Ohun tó fi hàn nínú ìwé náà, tí ọmọ Yorùbá sì mọ̀ láìka ìwé, ni pé oríkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn, kì í sì í ṣe eré lásán. Bí a bá ń ki èèyàn, orí rẹ̀ a wú. Ara tó ti rẹ̀ a tún le. A ní ìjálá fún ọdẹ. Onílù fúnra rẹ̀ ní oríkì, alágbẹ̀dẹ ní oríkì, kódà ẹni tí kò ṣe ju kó dá oko ńlá lọ, obìnrin ilé rẹ̀ yóò kì í bó bá ti oko dé. Iṣẹ́ tó le ni a fi ń ki èèyàn, kó lè tún jí lọ síbẹ̀ lọ́la.

Wàyí o, ọsibítù dé. Lọ́dún 1912 ni àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà, àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ti ń ṣe iṣẹ́ ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó di ìgbà náà. Orin ìsìn wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣí iṣẹ́ láàárọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wa gba orin náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a.

Ẹ bá mi dé ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní Ìkìrun, Inísà tàbí Òkukù ní ọjọ́ àwọn aláboyún. Kí wọ́n tó yẹ ẹnikẹ́ni wò, orin ni. Nọ́ọ̀sì á dìde síwájú, á ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ pàtẹ́wọ́!" Àwọn ìyá á dìde lórí bẹ́ǹṣì, tikùn-tikùn, wọ́n á máa jó díẹ̀díẹ̀. Ohùn orin lè jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ìlù wákà, ó lè jẹ́ ti jùjú tí gbogbo ìlú ń gbọ́ ní rédíò. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti pààrọ̀: ọmú ìyá, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀fọ́ àti ẹyin, ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n padà wá. Ìyá àgbà tó sin ọmọ rẹ̀ wá náà á máa gbè é, àfi bí ìgbà tó wá síbi ìsọmọlórúkọ.

Ní ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 títí di 1992, orin wọ̀nyí ṣiṣẹ́ gidi. Ìgbà náà ni wọ́n ń kọ́ gbogbo ìyá bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ewu ni. Bí ó bá kéré jù, kò wúlò. Ìyá tí kò mọ ìwé kà kò lè ka ìwé àlẹ̀mógiri, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n náà bá ti wọnú orin, kò níí ṣì í. Nọ́ọ̀sì wá rí olùrànlọ́wọ́ tí kò gba owó oṣù. Àwọn olórin ńlá náà dá sí i: lọ́dún 1989 King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ kọrin lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ọ̀rọ̀ tí ojú máa ń ti nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ láti là mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ àti ìyàwó. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu Sunny, ìtìjú dín kù.

Ṣùgbọ́n èyí tó ya èmi lẹ́nu jù kì í ṣe orin. Àwòrán ni, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níhìn-ín ni wọ́n sì ti yà á.

Lọ́dún 1956 ni Dókítà David Morley dé Wesley Guild láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀, tí Margaret Woodland wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọmọ pọ̀, dókítà kò tó. Ọmọ tí ebi ń jẹ díẹ̀díẹ̀ kì í ké bí ẹni tí ibà mú. Ojú kì í tètè rí i, ìgbà tí ìyá bá fi máa gbé e dé, ó ti bọ́ sórí. Morley bá ya nǹkan kan sórí páálí: ìlà méjì tó ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọ̀nà orí òkè. Lóṣooṣù, nọ́ọ̀sì á wọn ọmọ, á sì fi bírò to àmì kan sórí káàdì. Bí àwọn àmì náà bá ń gun ọ̀nà náà lọ, ara ọmọ le. Bí wọ́n bá dúró sójú kan, tàbí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, bí ọmọ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà sí ìlera ni wọ́n sọ káàdì náà.

Ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ oṣù tí wọ́n bí ọmọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọdún ìbílẹ̀ tó súnmọ́ ọn, tàbí ìgbà tí wọ́n ń gbin iṣu. Àwọn òṣìṣẹ́ náà á fi bẹ́ẹ̀ ṣírò rẹ̀ títí wọn yóò fi dé oṣù gan-an. Ìyá ló ń gbé káàdì lọ sílé, nínú àpò ọ̀rá. Àwọn kan rò pé wọn yóò sọ ọ́ nù. Rárá o! Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ju bí ọsibítù ti ń tọ́jú fáìlì lọ, èyí kò sì yẹ kó ya ẹni tó ti dúró de fáìlì rí lẹ́nu. Nígbà tí àwọn oníwàádìí fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkèmẹ̀sí tó wà nítòsí, tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé kéré sí ti ibẹ̀. Nígbà tó di 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ jáde fún gbogbo ayé láti lò. Ìlà méjì péré, ó sì fún nọ́ọ̀sì ní ojú tí dókítà nìkan ni wọ́n rò pé ó ní.

Orin ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, àwòrán ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé aláìsàn ni gbogbo rẹ̀ kọjú sí. Nọ́ọ̀sì ló ń kọrin. Ta ló ń kọrin fún òun? Ìwé tó sọ nípa nọ́ọ̀sì wa kò pọ̀. Ọ̀kan tí mo mọ̀ ni èyí tí Justus Akínsànyà, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, kọ lọ́dún 1987 nípa Olóyè Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì padà wá di mátírọ́ọ̀nù ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní UCH Ìbàdàn. Ọdún 1992 ni Màmá Pratt kú, èyíinì ni pé ojú wọn ló ṣe. Mo fẹ́ràn ìwé náà nítorí èyí nìkan.

Nítorí ohun tí a mọ̀ jù ni kí olùtọ́jú kọ́kọ́ kú. Lọ́jọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àìsàn Ẹ̀bólà dé Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Améyọ̀ Stella Adádevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ láti jẹ́ kó jáde ní ọsibítù, bí àwọn èèyàn ńlá tilẹ̀ ń fúngun mọ́ wọn. Àrùn náà mú 20 èèyàn ní Nàìjíríà, 8 kú, Dókítà Adádevoh sì wà nínú wọn. Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Lọ́dún 2016, Steve Gukas ṣe fíìmù 93 Days lórí rẹ̀, Bímbọ́ Akíntọ́lá sì ṣe Adádevoh débi pé omi bọ́ lójú mi. Fíìmù tó dára ni. Ẹni tí a ṣe é fún ni kò rí i.

Lọ́dún 2020 tí Kòrónà gbòde, àwọn ará Ìlú Ọba ń jáde sẹ́nu ọ̀nà ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti pàtẹ́wọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì gba tiwọn níbẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ kì í dárúkọ. Èyí tó wù mí jù ni ti Dókítà Rita Charon ní Yunifásítì Columbia, New York. Láti àwọn ọdún 1990 ló ti ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìwé kejì yàtọ̀ sí fáìlì aláìsàn. Nínú fáìlì, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn. Nínú ìwé kejì, ohun tó dùn wọ́n, ẹni tó rán wọn létí bàbá wọn, ẹ̀rù tó bà wọ́n. Wọ́n á wá jókòó, wọ́n á kà á fún ara wọn.

Mo rò pé ọgbọ́n New York ni, àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá kan ní Ìkìrun tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi ní àwọn orin àtijọ́ wọn. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò jáde, èyí tí etí rẹ̀ ti ká. Orin ló kún iwájú rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀. Mo ń ṣí i lọ, mo dé ẹ̀yìn. Kò sí orin níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ àti oṣù ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọlọ́mọ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀. Iná kò sí." "Ọmọkùnrin. Ó ké lẹ́ẹ̀kan." "Ọkọ rẹ̀ wá dúpẹ́, n kò lè wojú rẹ̀."

Mo ní, "Màmá, ta lẹ sọ èyí fún?"

"Ta ni n bá sọ ọ́ fún, ọmọ mi? Ilẹ̀ mọ́, àwọn aláboyún mìíràn ti jókòó. Orin ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi."

Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n ka ojú ewé kan síta fún mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò kà á sókè rí. A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo yẹ èpo ìwé náà wò. Orúkọ wọn kò sí níbẹ̀, kò sì sí nínú rẹ̀. Mo bèèrè bóyá kí n bá wọn kọ ọ́ sí i. Wọ́n ní kí n fi bírò náà sílẹ̀ fún àwọn, àwọn yóò rò ó wò.