Pípààrọ̀ Afárá Ojú Irin ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù láì Dá Ọkọ̀ Dúró

Forest Hill wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sí Peckham tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé àwọn kan ń pè é ní Èkó kékeré. Ojú irin tó gba àdúgbò yìí kọjá wà lára àwọn tó pẹ́ jù lọ ní ìlú náà. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 1839 ni ilé-iṣẹ́ London and Croydon Railway ṣí i fún èrò. Omi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1809 ni wọ́n ṣí odò kan tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ dé Croydon kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó ẹrù gba ibẹ̀. Ilẹ̀kùn omi 28 ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà ìrìn rẹ̀ falẹ̀, òwò rẹ̀ kò sì gbé pẹ́ẹ́lí. Ní 1836 ilé-iṣẹ́ reluwé ra odò náà ní £40,250, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n sì tẹ́ irin sí apá kan ipa rẹ̀. Dartmouth Arms, orúkọ ilé ọtí kan tó wà nítòsí, ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe ibùdókọ̀ Forest Hill, kí wọ́n tó yí i padà ní 1845.

Kò pẹ́ tí ojú irin yìí fi di èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ju ọ̀kan lọ ń lò. Ọkọ̀ Croydon ń gbà á, ti Brighton ń gbà á láti 1841, ilé-iṣẹ́ South Eastern tó ń lọ sí ìhà Dover náà sì ń gbà á. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta bá ń jẹun nínú àwo kan náà, kò sí èyí tó máa gbà kí wọ́n gbé àwo náà kúrò nílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Ìdí pàtàkì nìyí tí àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ fi ní láti kọ́ bí a ti ń tún ọ̀nà ṣe nígbà tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀.

Ohun kan tí kò yọrí ló ràn wọ́n lọ́wọ́ jù. Ní ọdún 1846, ilé-iṣẹ́ Croydon bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fà láàárín Forest Hill àti Croydon. Wọ́n tẹ́ ọ̀pá irin ńlá kan, tí wọ́n fi awọ bo ihò rẹ̀, sí àárín irin méjèèjì, ẹ̀rọ tó wà nínú ilé lẹ́bàá ọ̀nà ń fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá náà jáde, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn sì ń ti ọkọ̀ lọ síwájú, láìsí èéfín. Ipa tuntun ni wọ́n tẹ́ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Kí ọkọ̀ yìí má baà máa dábùú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ yòókù, wọ́n fi pákó kọ́ afárá kan nítòsí Norwood ní 1845 tó gbé ojú irin kan kọjá lórí òmíràn. Àwọn òpìtàn gbà pé òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé. Kò pẹ́ tí awọ tó bo ihò ọ̀pá náà fi bàjẹ́, àwọn ẹ̀rọ náà sì ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1847 wọ́n pa gbogbo rẹ̀ tì. Owó ńlá ló ṣòfò, ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n ti là sílẹ̀ kò ṣòfò. Nígbà tó yá, ipa mẹ́rin ló ń gba Forest Hill kọjá: méjì fún ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Brighton, méjì fún èyí tó ń dúró ní ibùdókọ̀ gbogbo. Lójú tèmi, ipa mẹ́rin yìí ló gbé iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ró ju ọgbọ́n ẹnjiníà kankan lọ.

Ní ọdún 1846 kan náà, ilé-iṣẹ́ Croydon àti ti Brighton para pọ̀ di London, Brighton and South Coast Railway. Bí ilé-iṣẹ́ tuntun náà ṣe ń gbòòrò, níbi tí títì bá ti gba abẹ́ ojú irin kọjá, afárá irin ni wọ́n sábà máa ń kọ́ síbẹ̀. Irin dídà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì dà sínú iyanrìn tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán ìtì sí. Ó rọrùn láti ṣe, kò sì wọ́n. Àmọ́ ó ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́ ni pé nígbà tí ẹrù bá gun orí ìtì kan, òkè ìtì náà ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń nà. Irin dídà lè fara da fífún pọ̀ gan-an, kò lè fara da nínà tó bẹ́ẹ̀. Eaton Hodgkinson ní Manchester ti fi ìṣirò hàn pé ó yẹ kí ìsàlẹ̀ ìtì nípọn ju òkè lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ń dà á. Àléébù kejì kò ní ìṣirò. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń da ìkòkò rí yóò mọ̀ pé atẹ́gùn lè há sínú irin gbígbóná, kí ó sì di ihò nígbà tí irin náà bá tutù. Ìkòkò tó bá ní irú ihò bẹ́ẹ̀ yóò jò, ẹni tó rà á yóò sì dá a padà. Ìtì afárá kì í jò. Wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á gbé e sókè, yóò sì máa dán.

Irú ìtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé sórí títì Portland Road ní nǹkan bí 1860, lẹ́bàá ibùdókọ̀ Norwood Junction, tí í ṣe ìkẹrin lẹ́yìn Forest Hill bí èèyàn bá ń lọ sí gúúsù. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ̀ fi ń gba orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀ ń wúwo sí i lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1891, ọkọ̀ kan tó kúrò ní Brighton ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta òwúrọ̀, tó ń sáré bọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù, gun afárá náà, ìtì kan sì ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Eré tí ọkọ̀ náà ń sá ló gbé e kọjá. Kò sí ẹni tó kú. Nígbà tí wọ́n yẹ irin tó ṣẹ́ náà wò, wọ́n bá ihò ńlá kan nínú rẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dà á. Kò sí ayẹ̀wò ojúlójú tó lè tú àṣírí rẹ̀.

Èyí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún 1847, afárá irin dídà tí Robert Stephenson kọ́ sórí odò Dee ní Chester já, èèyàn márùn-ún sì kú. Ní oṣù kọkànlá 1882, òmíràn já ní Inverythan ní Scotland, èèyàn márùn-ún tún kú, wọ́n sì bá ihò nínú irin tiẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Norwood, Board of Trade, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó reluwé, kọ̀wé sí gbogbo ilé-iṣẹ́ reluwé ní Bìrìtìkó pé kí wọ́n jíhìn gbogbo afárá irin dídà tó wà lábẹ́ ojú irin wọn. Ohun tí ikú èèyàn mẹ́wàá kò mú ṣẹ ni ìjàǹbá tí kò pa ẹnikẹ́ni mú ṣẹ. Bóyá nítorí pé ẹnu ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ló ti ṣẹlẹ̀ ni.

Ilé-iṣẹ́ Brighton kò dúró de ìjọba. Wọ́n pe Sir John Fowler kí ó wá yẹ gbogbo afárá wọn wò. Kò sí ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ ròkìkí jù ú lọ nígbà náà: òun àti Benjamin Baker ni wọ́n kọ́ afárá Forth ní Scotland, tí wọ́n ṣí ní 1890, sítíìlì sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìmọ̀ràn Fowler ni pé kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn afárá irin dídà náà, kí àwọn tó léwu jù ṣáájú, kí àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Irin rírọ àti sítíìlì ni wọ́n ń lò dípò wọn. Irin rírọ lè tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, ó ń kìlọ̀ fúnni. Irin dídà kì í kìlọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ afárá nígbà náà nígbà tí ọkọ̀ ń rìn? Afárá kékeré tó gba orí títì kọjá kì í sábà jẹ́ odidi kan. Ipa kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn ìtì tirẹ̀, nítorí náà a lè tú ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á fi igi ńláńlá ti ìtì tí kò dára láti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ máa rọra kọjá. Ní òru ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ọkọ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n á ti ipa kan pa. Kéréènì á rọra wá dúró lórí ipa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á tú irin àti pákó ìdábùú, wọ́n á gbé ìtì àtijọ́ kúrò, wọ́n á tún òkúta tó ń gbé e ró tẹ́, wọ́n á sì sọ ìtì tuntun kalẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lè kọjá.

Níbi tó bá jẹ́ pé ipa kan ṣoṣo ló kù, òun ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ yóò máa gbà ní gbogbo àkókò náà. Kí wọ́n má baà forí gbárí, wọ́n ń yan ọkùnrin kan tó so aṣọ pupa mọ́ apá. Ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ ipa náà láìjẹ́ pé awakọ̀ rẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin yìí, kí ó sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Èèyàn kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọkọ̀ kò lè ti ìhà méjèèjì wọlé pọ̀. Mi ò tíì rí ètò ààbò tó rọrùn tó èyí.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ti ilé. Ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, ipa kan ṣoṣo ni. Bí afárá kan bá bàjẹ́ lórí rẹ̀, kò sí ipa kejì tí ọkọ̀ lè yà sí. Ní Jẹ́bà, títí di 1916 tí afárá orí odò Ọya fi parí, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ tó Fowler kò ní rí nǹkan ṣe síbẹ̀ ju pé kí ó dá ọkọ̀ dúró lọ.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tó fi bí a ti ń pààrọ̀ afárá láì dá ọkọ̀ dúró hàn kedere jù lọ ni ti afárá Grosvenor, tó gbé ojú irin kọjá lórí odò Thames lọ sí ibùdókọ̀ Victoria. Èrò tó bá wọ ọkọ̀ Victoria láti Peckham Rye ń gba orí rẹ̀ kọjá. Fowler yìí kan náà ló kọ́ ọ ní 1860, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà kí àyè lè gba ọkọ̀ púpọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún ogún, irin rẹ̀ ti darúgbó, ọkọ̀ tó ń gba orí rẹ̀ lójúmọ́ sì pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè dábàá pé kí wọ́n tì í. Láàárín 1963 sí 1967, British Railways tún un kọ́ pátápátá. Dípò afárá kan tó fẹ̀, wọ́n kọ́ afárá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé ipa kan. Wọ́n á ya ọkọ̀ kúrò ní apá kan, wọ́n á wó o, wọ́n á kọ́ tuntun, wọ́n á dá ọkọ̀ padà sórí rẹ̀, wọ́n á sì sún sí apá tó kàn. Lókèèrè, afárá kan ṣoṣo ni ojú ń rí. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ro ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n lè tú u láì fọwọ́ kan mẹ́sàn-án yòókù.

Ní ayé òde òní, òpin ọ̀sẹ̀ tó ní ìsinmi ni wọ́n ń ṣọ́. Ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2011, ní àkókò ìsinmi ìgbéyàwó Ọmọọba William, wọ́n ti afárá irin tuntun kan jáde sórí títì Borough High Street lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀, kí ipa méjì tó há ibẹ̀ lè di mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ kan ibùdókọ̀ London Bridge fúnra rẹ̀, níbi tí àwọn kan lára ọkọ̀ Forest Hill ń parí ìrìn wọn sí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n wó pèpéle rẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un kọ́, títí di 2018. Ọkọ̀ kò dáwọ́ ìrìn dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní 2015 di oṣù kẹjọ 2016, ọkọ̀ Charing Cross ń kọjá láì dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kan ọkọ̀ Cannon Street, títí di oṣù kìíní 2018. Ìròyìn ilé-iṣẹ́ ń sọ pé ọkọ̀ ń rìn. Èrò tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní London Bridge kò rí i bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Peckham ló san gbèsè tó pẹ́ jù. Iṣẹ́ náà dín pèpéle tí ọkọ̀ ń parí ìrìn sí ní London Bridge kù láti mẹ́sàn-án sí mẹ́fà, kí àyè lè gba ọkọ̀ tó ń kọjá lọ. Ọkọ̀ tó ń yípo láti London Bridge gba Peckham Rye lọ sí Victoria wà lára èyí tí àyè kò gbà mọ́. Ní oṣù kejìlá 2012 ni wọ́n fòpin sí i, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ Overground tó ń lọ sí Clapham Junction rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ London Bridge ti parí láti 2018. Ọkọ̀ yẹn kò padà wá.