Ibi Tí A Ti Ń Kà Á Nínú Omi

Ẹni tí ó bá sọ fún wa pé ogún máìlì ni òun rìn kí òun tó dé Ọ̀tà kò tí ì sọ ohun kan, àfi bí ó bá sọ ibi tí ó ti gbéra. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń pè ní NMR. Òòfà ńlá ni. Ìgbì rédíò ni a sì fi ń bá àwọn átọ́mù inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Háídrójìn kọ̀ọ̀kan a máa dáhùn láti ààyè tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti rí. Ní 1946 ni Bloch ní Stanford àti Purcell ní Harvard kéde ìdáhùn yìí. Ní 1951, àwọn ará Stanford fi ethanol sínú ẹ̀rọ náà, èyíinì ni ọtí tí ń bẹ nínú ògógóró, òkè mẹ́ta ni wọ́n sì rí.

Ṣùgbọ́n níbo ni kí a ti máa ka ààyè òkè kọ̀ọ̀kan? Ní 1958, Tiers ti ilé iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà ní kí a fi TMS ṣe òdo. Òkè kan ṣoṣo ni ó ní, ó sì jìnnà sí ti àwọn yòókù. Àléébù rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ooru nǹkan bí ìwọ̀n 27 ni ó fi ń hó. Ní ọ̀sán Ọ̀tà, kí a tó dé ìgò tán, ó ti fò lọ! Èkejì ni ó burú jù: kì í yọ́ nínú omi.

Èyí kò dun àwọn tí ń yẹ igi wò. Khivorin tí Bevan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ nípa rẹ̀ ní 1962, láti inú igi ọ̀gànwó, kì í ṣe ẹbí omi. Ṣùgbọ́n omi ni àwọn ìyá wa ní Adó-Odò fi ń se àgbo. Omi ni ìtọ̀. Omi náà ni ìdọ̀tí tí ń ṣàn jáde ní ilé iṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà.

Ní 1961, Tiers àti Coon so ohun tí ó dà bí iyọ̀ mọ́ ara irú TMS, omi sì gbà á. DSS ni orúkọ rẹ̀. TSP jọ ọ́, ṣùgbọ́n bí omi bá kan sí i, ààyè rẹ̀ a yẹ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi òkè omi fúnra rẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí mo kà sí ìwà ọ̀lẹ. Bí ooru bá wà ní 25, omi a wà ní nǹkan bí 4.8, bí ooru bá fi ìwọ̀n kan lé sí i, omi a yẹ̀ ní nǹkan bí 0.01. Láti 25 dé 35, ó ti di 0.1, ohun kan á sì gba orúkọ ohun mìíràn.

Ní 1998, IUPAC fọwọ́ sí DSS fún àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí a yọ́ sínú omi. Síbẹ̀, nígbà tí Wishart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkójọ purotéènì wò ní 2003, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25 nínú 100 àkọsílẹ̀ kábọ́nù tí òdo rẹ̀ kò sí ní ààyè. Kì í kúkú ṣe àìní ohun èlò ni ó fà á.

Láti 2002 ni Covenant University ti wà ní Ọ̀tà, ọ̀pọ̀ olùwádìí ilẹ̀ wa ni ó sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí òkèèrè fún NMR. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi DSS sínú ìgò kí ó tó lọ, kí ó sì kọ bí omi náà ti kan tó. Bí èsì bá dé pé omi ni wọ́n fi ṣe òdo, kí ó yára béèrè ìwọ̀n ooru inú ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó da ohun inú ìgò náà nù.