Okoumé àti sapele: Bí igi Gabon àti Nàìjíríà ṣe di plywood ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń kàn nílé

Ní ọdún 1963, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mirror ni wọ́n pè é, torí pé ìwé ìròyìn Daily Mirror ló wà lẹ́yìn rẹ̀. £63 àti ṣílè 11 ni owó rẹ̀. Pákó plywood tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ni oníbàárà máa gbà. Yóò fi wáyà bàbà rán wọn pọ̀ nílé, yóò sì fi gọ́ọ̀mù dí ojú ibi tó rán. Ọkọ̀ náà tí wọ́n ti kàn lé ní 70,000.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Abala igi tínrín-tínrín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ni plywood, ìlà ara ọ̀kan sì máa ń dábùú èkejì, ìdí nìyẹn tí pákó fẹ́lẹ́ fi lè lágbára.

Àmọ́ igi wo ló dára jù? Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kan irú ọkọ̀ yìí, orúkọ méjì tó gbajúmọ̀ wá láti ilẹ̀ Áfíríkà: okoumé ti Gabon, àti sapele, tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta.

Igi tó ń léfòó

Kí àwọn òyìnbó tó dé ni àwọn ará Gabon ti ń gbẹ́ ọkọ̀ láti ara okoumé, tí wọ́n sì ń fi oje rẹ̀ tan ògùṣọ̀. Ó fúyẹ́ gan-an: bíi kílò 440 ni mítà onígun mẹ́ta rẹ̀ kan, nígbà tí ti ìrókò tó nǹkan bíi 650.

Fífúyẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ọjà. Àwọn agégẹdú máa ń so ó pọ̀ sójú odò Ogooué, omi á sì gbé e lọ sí Port-Gentil níbi tí ọkọ̀ òkun ń dúró sí. Igi tó bá ń rì, inú igbó ló ń wà. Dókítà Albert Schweitzer, tó dé Lambaréné ní 1913, kọ̀wé nípa iṣẹ́ yìí àti ìyà tó wà nínú rẹ̀.

Èwo ni kéèyàn mú?

Okoumé tètè ń jẹrà bí wọn kò bá kùn ún dáadáa. Sapele tó ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ, ó sì ń pẹ́ sí i. Ọkọ̀ téèyàn máa gbé sórí mọ́tò lọ sílé, okoumé ló bá a mu. Èyí tó máa sun inú omi, sapele ni.

Inú pákó tún ṣe pàtàkì ju ojú rẹ̀ lọ. BS 1088, òdiwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún plywood ọkọ̀ ojú omi, béèrè gọ́ọ̀mù tí omi gbígbóná kò lè tú. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ àmì yẹn sára pákó o! Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń se ègé kékeré kan lórí iná kí wọ́n tó gé ìyókù. Bó bá ṣí, wọ́n á dá a padà.

Ta ló jẹ èrè rẹ̀?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹdú lásán ló ń kúrò ní Gabon, òkè òkun ni wọ́n ti ń bó púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2010, ìjọba fòfin de kíkó gẹdú tútù jáde, iléeṣẹ́ tó ń bó igi sì ti pọ̀ sí i ní Nkok, nítòsí Libreville.

Nàìjíríà ti gba ọ̀nà yẹn ṣáájú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni African Timber and Plywood, tó jẹ́ ti United Africa Company, ń ṣe plywood ní Sapele gan-an. Iléeṣẹ́ ńlá náà ti dẹnu kọlẹ̀. Cameroon àti Congo ni púpọ̀ igi sapele ti ń wá báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìlú Delta yẹn ló ṣì ń jẹ́.